Bí Àgbà Bá Kọ Iṣẹ́ Abẹ Ọkàn, Ẹ Jẹ́ Kó Jẹ́ Òun Ló Kọ̀ Ọ́

  

Ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa àgbà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Nídìí kántà tí mo ti ń ta oògùn nílùú Ilé-Ifẹ̀ yìí, àti nídìí tábìlì tí a ti ń bá àwọn èèyàn yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ: "Dókítà ní fáàfù ọkàn Bàbá ti bàjẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ ló kù, ṣùgbọ́n a ti ní a ò ṣe." Bí mo bá wá béèrè ohun tí Bàbá fúnra wọn sọ, ìdáhùn tó wọ́pọ̀ jù ni pé, "A ò tíì jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Àyà wọn lè já."

Èrò tèmi rèé. Àgbàlagbà tí ọpọlọ rẹ̀ pé ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun kò ṣe iṣẹ́ abẹ. Ẹ̀sìn bọ̀wọ̀ fún ẹ̀tọ́ yẹn, ìmọ̀ ìṣègùn náà sì bọ̀wọ̀ fún un. Ṣùgbọ́n kí èèyàn tó kọ nǹkan, ó yẹ kó mọ ohun tó ń kọ̀, kó sì mọ ohun tó ń gbà dípò rẹ̀. Èyí tí ọmọ bá òbí kọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ẹ̀rù bá wa kọ̀, tàbí tí àìlówó bá wa kọ̀ tí a wá fi kádàrá bò mọ́lẹ̀, n kò lè pè é ní ìpinnu aláìsàn. Ohun mìíràn tún wà: ẹni tó bá ti kọ iṣẹ́ abẹ kò kọ ìtọ́jú. Ìtọ́jú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni.

Ilẹ̀kùn inú ọkàn

Ọkàn wa ní ilẹ̀kùn mẹ́rin. Àwọn ni dókítà ń pè ní fáàfù. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, kí wọ́n sì padé kí ẹ̀jẹ̀ má padà sẹ́yìn. Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 70 ní ìṣẹ́jú kan, ilẹ̀kùn wọ̀nyí ń ṣí, wọ́n sì ń padé ní ìgbà tó lé ní 100,000 lójúmọ́. Fún ẹni tó ti lo ọdún 75 láyé, kò yani lẹ́nu bí ọ̀kan nínú wọn bá gbó.

Èyí tó sábà máa ń gbó lára àgbà ni ilẹ̀kùn tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde kúrò nínú ọkàn lọ sí gbogbo ara. Kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, á máa kó jọ sára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi le bíi awọ gbígbẹ. Kò ní lè ṣí dáadáa mọ́. Ihò tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá á há, ọkàn á sì máa fi agbára tì í bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn tó há mọ́ férémù. Bó ṣe ń tì í lọ́dún dé ọdún, iṣan ọkàn á nípọn, á sì rẹ̀ ẹ́ nígbẹ̀yìn.

Nílẹ̀ wa níbí, ọ̀nà kejì tún wà tí fáàfù ń gbà bàjẹ́. Ọ̀fun dídùn tí a kò tọ́jú nígbà èwe lè fa ibà tó ń kọlu oríkèé ara àti ọkàn, kó sì fi àpá sára fáàfù títí ayé. Ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní REMEDY tọ́pasẹ̀ aláìsàn 3,343 tó ní irú àrùn yìí ní orílẹ̀-èdè Áfíríkà 12, Nàìjíríà wà lára wọn, pẹ̀lú Íńdíà àti Yẹ́mẹ̀n. Ìdajì wọn kò tíì ju ọdún 28 lọ, síbẹ̀ láàárín ọdún méjì, nǹkan bí 17 ti kú nínú 100. Nítorí náà, ẹ má fi ọ̀fun dídùn ọmọdé ṣeré. Àmọ́ ọ̀rọ̀ àgbà ni mo ń sọ lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kí n padà síbẹ̀.

Àmì mẹ́ta ló ṣe pàtàkì: kí èémí má tó nǹkan bí èèyàn bá rìn tàbí gun àtẹ̀gùn, kí àyà máa dunni tàbí kó fún pọ̀ nígbà tí a bá ń lo agbára, àti kí òòyì kọ́ni tàbí kí èèyàn dákú. Ibi tí ewu wà ni pé a máa ń sọ gbogbo rẹ̀ di ọjọ́ orí. Alájì tó máa ń fẹsẹ̀ rin láti Láagéré lọ sí mọ́ṣáláṣí á bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà, a ó ní àgbà ti dé. Ìyá tó máa ń gúnyán fúnra rẹ̀ á máa dúró sinmi lẹ́ẹ̀mẹta, a ó ní kí ó jókòó, ó ti ṣiṣẹ́ tó. Lóòótọ́, ó lè jẹ́ àgbà. Ó sì lè jẹ́ fáàfù. Dókítà tó bá gbé ẹ̀rọ ìgbọ́yà lé àyà lè gbọ́ ariwo ẹ̀jẹ̀ tó ń gba ihò tóóró kọjá, àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní ẹ́kò á sì fi ilẹ̀kùn náà hàn lójú ẹ̀rọ. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn OAUTHC níhìn-ín. Kò sí abẹ nínú rẹ̀, kò sì dunni.

Bó ṣe máa ń rí bí a kò bá pààrọ̀ fáàfù

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti korò díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Ní 1968, àwọn dókítà ará Amẹ́ríkà méjì, John Ross àti Eugene Braunwald, gbé àkọsílẹ̀ kan jáde tí àwọn oníṣègùn ọkàn ṣì ń tọ́ka sí dòní. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí fáàfù yìí há fún lè lo ọ̀pọ̀ ọdún láìmọ nǹkan kan lára. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí àmì mẹ́ta tí mo kà bá ti bẹ̀rẹ̀, nǹkan á yí padà kíákíá: nǹkan bí ọdún 2 sí 5 ni ọ̀pọ̀ máa ń lò sí i bí a kò bá pààrọ̀ rẹ̀, èyí tó sì kúrú jù ni ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ débi pé omi ń kó sí i nínú ẹ̀dọ̀fóró.

Ní 2010, ìwádìí kan tó ń jẹ́ PARTNER fún wa ní iye tó ṣe kedere sí i. Àgbàlagbà 358 ni wọ́n yẹ̀ wò, ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 83. Fáàfù wọn ti há gan-an, àmọ́ àwọn dókítà gbà pé ara wọn kò lè gba iṣẹ́ abẹ tí a ń la àyà ṣe. Wọ́n fún ìdajì wọn ní ìtọ́jú tó wà nílẹ̀: oògùn, àti fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, bàlúùnù kékeré tí a fi ń fẹ ilẹ̀kùn náà fún ìgbà díẹ̀. Ìdajì kejì gba fáàfù tuntun láìla àyà: wọ́n ki ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ẹ̀jẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ikùn níbi tí itan ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tì í títí dé inú ọkàn. Alain Cribier ló kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ fún èèyàn, nílùú Rouen ní ilẹ̀ Faransé, ní 2002.

Lẹ́yìn ọdún kan, nínú gbogbo 100 tó gba ìtọ́jú oògùn àti bàlúùnù, nǹkan bí 51 ti kú. Nínú 100 tó gba fáàfù tuntun, nǹkan bí 31 ló kú. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, nǹkan bí 94 ti lọ nínú àwọn àkọ́kọ́, nǹkan bí 72 nínú àwọn kejì. Nínú àwọn tó ṣì wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan, èémí ṣì ń ni ju ìdajì àwọn tí kò gba fáàfù lára gidigidi, bí wọ́n bá rìn díẹ̀ tàbí bí wọ́n tilẹ̀ jókòó. Nínú àwọn tó gbà á, kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́rin lọ.

Ẹ jẹ́ ká ka àwọn iye yìí tinútòde. Àwọn aláìsàn inú ìwádìí yẹn kò fẹnu ara wọn kọ iṣẹ́ abẹ. Dókítà ló ní ara wọn kò gbà á, wọ́n sì ti di aláìlera ju ọ̀pọ̀ àgbà tó wà láàárín wa lọ. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni kò lè fi iye yẹn sọ ọjọ́ tí Bàbá yín máa kú. Ọwọ́ Ọlọ́hun ni ìyẹn wà. Ohun tí iye náà kọ́ wa ni pé bí fáàfù bá ti há gan-an tí àmì sì ti dé, dídúró kì í ṣe ojú kan náà. Àìsàn náà ń rìn bí a tilẹ̀ jókòó. Ó tún kọ́ wa pé fáàfù tuntun kò sọ ẹni ọdún 83 di ọ̀dọ́, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbà á ni àìsàn mìíràn mú lọ.

Ohun kan tó kan iṣẹ́ tèmi gan-an nìyí: kò sí oògùn tí a ti dán wò tó lè ṣí fáàfù tó ti le. Wọ́n gbìyànjú oògùn tó ń dín ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ kù. Ìwádìí SEAS tó jáde ní 2008 fi aláìsàn 1,873 dán an wò, fáàfù ń há lọ bó ṣe ń há. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìgò àgbo tàbí kápúsù wá, tó ní yóò fọ fáàfù Ìyá yín mọ́, ẹ fi owó yín sápò. Oògùn lè mú omi kúrò lára, ó lè mú èémí rọrùn, ó lè tọ́jú ìlù ọkàn tó ń ṣe ségesège. Ìrànlọ́wọ́ gidi nìyẹn jẹ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tó há kò ní tìtorí rẹ̀ ṣí.

Iṣẹ́ abẹ náà ní ewu tirẹ̀

Ẹni tó bá ń sọ òtítọ́ kò gbọdọ̀ sọ apá kan. Iṣẹ́ abẹ tí a là àyà ṣe kì í ṣe ohun kékeré. Wọ́n á dá ọkàn dúró, ẹ̀rọ á máa gbé ẹ̀jẹ̀ kiri fún wákàtí mélòó kan. Àgbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀, tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò dára, tàbí tí kò lè dìde láìfọwọ́ ti ògiri, ewu tirẹ̀ ga ju ti àgbà tó ṣì ń lọ sóko lọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Nínú ìwádìí PARTNER pàápàá, láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, nǹkan bí 5 nínú 100 tó gba fáàfù tuntun ló ní rọpárọsẹ̀ tó le, nígbà tó jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 100 láàárín àwọn tí kò gbà á.

Irú fáàfù tí wọ́n máa fi sí i náà gba ìjíròrò. Ti irin máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á á máa lo warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, títí ayé, á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò déédéé. Èyí tí wọ́n fi ara ẹran ṣe kì í sábà nílò warfarin títí ayé. Ó lè gbó lẹ́yìn bí ọdún mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyẹn sì tó fún ọ̀pọ̀ àgbà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí yóò béèrè pé ẹran wo? Ìbéèrè tó dára ni. Èyí tí wọ́n fi ara ẹlẹ́dẹ̀ ṣe wà, èyí tí wọ́n fi awọ tó bo ọkàn màlúù ṣe náà wà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀sìn gba ti ẹlẹ́dẹ̀ láyè nígbà tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ti màlúù àti ti irin wà, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fún dókítà kó tó di ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Kí a má tìtorí ẹ̀rù ẹlẹ́dẹ̀ kọ ohun tí màlúù lè yanjú.

Ṣé wọ́n ń ṣe é nílẹ̀ wa? Wọ́n ń ṣe é. Láti 1974 ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ tí a ń ṣí ọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, nílé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Nàìjíríà ní Enugu, níbi tí Magdi Yacoub, oníṣẹ́ abẹ tí wọ́n bí ní Íjíbítì, ti wá bá àwọn dókítà wa ṣiṣẹ́. Lónìí, wọ́n ń ṣe é ní Èkó, wọ́n sì ń ṣe é nílé ìwòsàn olùkọ́ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ. Owó rẹ̀ wọn, mílíọ̀nù náírà lọ́nà púpọ̀ ni. Mo ń bọ̀ wá sórí ọ̀rọ̀ owó.

Kí ni ẹ̀sìn wa sọ?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kò ní jẹ́ kí wọ́n gé òun lábẹ. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni Ànábì wa kọ́ wa. Hádíìsì tí Usama ọmọ Sharik gbà wá, tó wà nínú ìwé Abu Dawud, jẹ́ ká mọ̀ pé ó ní kí a wá ìwòsàn, pé kò sí àrùn tí Ọlọ́hun kò sọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀ àfi ọ̀kan, ìyẹn ogbó. Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bá tiwa mu. Apá kan nínú ìṣòro àgbà ní oògùn, ó yẹ ká wá a. Apá kan jẹ́ ogbó, ó yẹ ká gbà á.

Síbẹ̀, hádíìsì mìíràn wà nínú Bukhari àti Muslim tí Ibn Abbas sọ. Obìnrin kan tí wárápá ń ṣe wá bá Ànábì pé kí ó tọrọ ìwòsàn fún òun. Ànábì gbé ọ̀nà méjì kalẹ̀ fún un: kó ṣe sùúrù kó sì gba ọgbà ìdẹ̀ra, tàbí kí ó bá a tọrọ ìwòsàn. Obìnrin náà yan sùúrù. Àmọ́ ó ní ohun kan ń bí òun nínú: ara òun máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà tí àìsàn náà bá dé. Ó ní kí Ànábì bá òun tọrọ kí ìyẹn má ṣẹlẹ̀ mọ́, ó sì bá a tọrọ rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ pọ̀. Obìnrin yẹn gbọ́ nípa ọ̀nà méjèèjì. Òun fúnra rẹ̀ ló yàn, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tó sì ti jáwọ́ nínú ìwòsàn, wọn kò fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Wọ́n bá a mójú tó ohun tó ń dà á láàmú jù.

Bukhari tún gba ọ̀rọ̀ kan wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Àíṣà, nípa àìsàn Ànábì fúnra rẹ̀ nígbẹ̀yìn ayé. Àwọn ará ilé da oògùn sí i lẹ́nu nígbà tó ti juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n má ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n rò pé bí aláìsàn ṣe máa ń kórìíra oògùn ni. Nígbà tí ara rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀, ó bá wọn wí. Bí a kò bá gbọ́dọ̀ fi tipátipá fún òbí wa ní oògùn, ṣé ó wá yẹ ká fi ìdákẹ́jẹ́ gba oògùn lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lágbàáyé náà yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ní Jeddah ní 1992. Wọ́n ní ìdájọ́ ìtọ́jú kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo èèyàn: ó máa ń di dandan bí fífi í sílẹ̀ bá máa fa ìparun ẹ̀mí tàbí ẹ̀yà ara, ó sì lè di ohun tí a kò fẹ́ bí ìpalára tó lè tinú rẹ̀ wá bá ju àrùn náà lọ. Wọ́n tún ní ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ pé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìtọ́jú tirẹ̀. Èyí ni kò jẹ́ kí n lè sọ fún gbogbo àgbà pé dandan ni, tàbí pé kò pọn dandan. Ẹni ọdún 70 tí ara rẹ̀ le, tí dókítà ní ìrètí rẹ̀ dára, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni ọdún 88 tó ti wà lórí ibùsùn. Ẹ mú ohun tí dókítà sọ lọ bá àfáà tó mọ̀wé, kó gbọ́ ti ara yín gan-an kó tó dáhùn.

Kíkọ̀ mẹ́ta tí kì í ṣe ti aláìsàn

Àkọ́kọ́ ni èyí tí ọmọ bá òbí kọ̀. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó tọ́ ọmọ méje, tó sin òbí méjèèjì, tó rí ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kọjá, kò yẹ ká máa fi fáàfù pamọ́ fún un bíi ọmọdé. Àwọn àgbà wa gbọ́ ikú rí. Ohun tó máa ń dùn wọ́n jù ni kí gbogbo ilé máa sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n bá wọlé. Ẹ má sì gbàgbé pé Bàbá lè ní gbèsè láti san, wàsíyyà láti kọ, àti ẹni tó fẹ́ tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ pé àìsàn òun wúwo kò ní yára ṣe é.

Ìkejì ni èyí tí ẹ̀rù kọ̀. Ẹ̀rù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè ló ń lé e. Ẹ bi dókítà pé: fáàfù wo ló bàjẹ́, báwo ló sì ṣe bàjẹ́ tó? Kí lẹ rò pé yóò ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún kan sí méjì bí a kò bá ṣe é? Bí a bá ṣe é ńkọ́, kí ni ewu rẹ̀ fún ẹni tó ní irú ara tí Ìyá ní? Ṣé èyí tí a kò ní la àyà ṣe bá a mu? Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣe é, ẹ ti ṣe mélòó? Ẹ jẹ́ kí aláìsàn jókòó síbẹ̀, kí ẹ sì bá a túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí dókítà bá ń sọ òyìnbó.

Ìkẹta ni èyí tí owó kọ̀. Bó bá jẹ́ owó ni, ẹ jẹ́ ká pè é lówó. Bí a bá sọ ọ́ di kádàrá, a ti ti ilẹ̀kùn ìrànlọ́wọ́ mọ́ ara wa. Ọ̀nà lè má pọ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ ká wò wọ́n: ẹbí, ẹgbẹ́ àsàlátù, sàkáà. Tálákà tí àìsàn dá dúró wà lára àwọn tí Ọlọ́hun ní kí a fún ní sàkáà. A máa ń dá owó kápẹ́ẹ̀tì àti owó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní mọ́ṣáláṣí, ó dára bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí àpótí àwọn aláìsàn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ó sì ní ìwé ìṣirò tí gbogbo ìjọ lè rí. Kò lè san gbogbo owó iṣẹ́ abẹ ọkàn, ṣùgbọ́n ó lè san ti ẹ́kò àti ti oògùn oṣù. Bí gbogbo rẹ̀ kò bá sì tó, kí aláìsàn mọ̀ pé a gbìyànjú.

Bí Bàbá tàbí Ìyá bá ti gbọ́, tí wọ́n sì kọ̀

Ẹ gbà fún wọn, ẹ má bá wọn jà. Lẹ́yìn náà, ẹ dìde sí ìtọ́jú. Àwọn àgbà ní àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ẹ má dá lílọ sọ́dọ̀ dókítà dúró. Ẹ sọ fún un pé a kò ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí èémí rọrùn. Oògùn tó ń lé omi, bíi Lasix, ẹ jẹ́ kí wọ́n lò ó láàárọ̀ kó má bàa dà wọ́n láàmú lóru, kí ẹnikẹ́ni má sì dá a dúró nítorí pé ìtọ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ ìwọ̀n, ẹ máa wọn wọ́n láràárọ̀. Bí ìwọ̀n wọn bá fi kílò méjì lé láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tàbí tí ẹsẹ̀ wú, tí wọn kò lè sùn láìgbé ìrọ̀rí mẹ́ta sórí, omi ló ń kó jọ. Ẹ má dúró di ọjọ́ ìpàdé. Ẹ dín iyọ̀ kù, ẹ dín Maggi náà kù, nítorí iyọ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀.

Ibuprofen àti diclofenac tí a ń rà fún orúnkún máa ń dá omi dúró sára, wọ́n sì ń ba kíndìnrín jẹ́. Ẹ bi apòògùn kí ẹ tó ra oògùn ara ríro. Ẹ sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ oògùn fún wọn pé fáàfù wọn há, nítorí àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan, àti oògùn agbára ọkùnrin tí wọ́n ń tà ní ìkọ̀kọ̀, lè já ìfúnpá wálẹ̀ lójijì kí èèyàn sì ṣubú lulẹ̀.

Ẹni tó bá ń lo warfarin, kì í ṣe pé kó má jẹ ẹ̀fọ́. Kó máa jẹ ẹ̀fọ́ ní ìwọ̀n kan náà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má jẹ́ pé kò jẹ rárá lóṣù yìí, kó wá jẹ ìkòkò kan lóṣù tó ń bọ̀. Flagyl, Septrin àti aspirin lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa ya. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, kó jìnnà sí i.

Ẹnu mímọ́ ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ. Kòkòrò inú ẹnu lè gba ojú eyín tó ń ṣẹ̀jẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kó lọ jókòó sórí fáàfù tó ti bàjẹ́. Orín tí Ànábì fẹ́ràn, ẹ má jẹ́ kó wọ́n wọn, ẹ mú wọn lọ rí dókítà eyín, kí ẹ sì sọ fún un pé wọ́n ní àrùn fáàfù.

Ẹ̀sìn fi ìrọ̀rùn sílẹ̀ fún aláìsàn. Ẹni tí èémí kò tó fún kó jókòó kírun. Bí kò bá lè jókòó, kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kí i. Ẹni tí dókítà ní kó má gbààwẹ̀, tí ìrètí àtisan án kò sí, kó bọ́ tálákà. Kí àwọn ọmọ má jẹ́ kí ojú ti Bàbá nítorí àga tó gbé wá sí mọ́ṣáláṣí.

Bí ọjọ́ bá wá ń lọ, ìtọ́jú ṣì wà. Dókítà lè fún wọn ní oògùn tó ń mú ìrora àti èémí líle rọlẹ̀. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó dá lórí ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò ní gbóògùn mọ́, ẹ sì lè bi dókítà yín níhìn-ín nípa irú rẹ̀. Kì í ṣe pé a ti jọ̀wọ́ wọn. Ọ̀nà tí a fi ń bọlá fún wọn ni.

Ẹ̀yin ọmọ, ní alẹ́ òní, ẹ jókòó ti òbí yín. Ẹ bi wọ́n bóyá èémí wọn ṣì tó láti gun àtẹ̀gùn. Bí dókítà bá sì ti sọ nǹkan kan tí ẹ fi pamọ́, ẹ wá ọ̀nà tútù sọ ọ́ fún wọn, kí ẹ sì gbọ́ ohun tí wọ́n máa fi dáhùn.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìwòsàn. Kí Ó fi ẹ̀mí gígùn àti àlàáfíà kẹ́ àwọn òbí wa, kí Ó sì jẹ́ ká lè ṣètọ́jú wọn bí wọ́n ṣe ṣètọ́jú wa ní kékeré. Àmín. Ma'a salaam.